Bàbá Tún-un-Kà: Ẹni Tí Ó Fi Ọdún Mẹ́tàlélógójì Da Ìwé Orin Kọ

Bí ẹ bá dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdàwékọ nígbà náà lọ́hùn-ún, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ kì í ṣe orin. Ṣẹ́rẹ́, ṣẹ́rẹ́, ṣẹ́rẹ́ ni: ojú résà tí ń họ tádàwá gbígbẹ kúrò lára bébà tó nípọn, kí nóòtì tó jókòó síbi tí kò yẹ ẹ́ lè dìde níbẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó olóògbé, tí ó ń kọ ìtàn yìí, ti kúrò nílé lọ sí òkè òkun. Etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ olóògbé ní òun ni kí ó bá ẹbí kọ ọ́, nítorí ó mọ apá kan nínú rẹ̀ tí àwọn tó wà nílé kò mọ̀. Láti inú ìrántí ni ó ti kọ ọ́. Bí ọjọ́ kan bá yẹ̀ díẹ̀, kí ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ ṣojú yín foríjì í.

A bí olóògbé ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1938, ní yàrá òkè ilé alájà méjì kan tó kọjú sí ìsọ̀ ẹni tó ń di ìwé. Bàbá rẹ̀ ni atúnagogoṣe àdúgbò, ọmọ káfíńtà tí ó kan ìlẹ̀kùn púpọ̀ nínú ilé ojú pópó náà. Ìyá rẹ̀ ni aránṣọ tí í rán aṣọ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Òun ni ìkẹta nínú ọmọ márùn-ún. Wọ́n ní kí ó tó pé ọmọ ọdún márùn-ún ni ó ti máa ń jókòó sábẹ́ tábìlì bàbá rẹ̀, tí yóò máa ka iye ìgbà tí aago ń lù. Bí aago kan bá lu mẹ́rin tí èkejì sì lu márùn-ún, ariwo á ta. Bàbá rẹ̀ á ní, "Ọmọ yìí, fẹ̀sọ̀ o. Bí gbogbo wọn bá pé, kí la ó jẹ?"

Ní ọdún 1944 ó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì parí ilé-ìwé girama ní 1957. Ìṣirò rẹ̀ dára, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Eré sísá nìkan ni wọn kò jọ ṣe ọ̀rẹ́.

Ní 1952, nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó wọ ẹgbẹ́ akọrin tí Bàbá Olódùrù ń darí. Bàbá Olódùrù ni bàbá ẹni tí ó ń kọ ìtàn yìí. Wọ́n ń tẹ dùrù ní ilé ìsìn, wọ́n ń kọ orin tiwọn, wọ́n sì tún ń bójú tó àkójọ ìwé orin ẹgbẹ́ olórin ìlú. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n máa ń kọ́ àwọn tó bá fẹ́ ní bí a ṣe ń kọ orin sórí ìlà márùn-ún. Àwa mẹ́jọ la bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta a ku méjì, olóògbé àti ọmọ oníkẹ̀ẹ̀kẹ́ kan tí ó ń bọ̀ nítorí pé yàrá náà tutù. Ọmọ Bàbá Olódùrù gan-an ti sá.

Olóògbé kò sá. Ó fẹ́ràn pé ohun gbogbo ní ìdí. Wọ́n ní nóòtì tó bá wà lókè ìlà àárín, kí ìrù rẹ̀ wolẹ̀. Èyí tó bá wà nísàlẹ̀, kí ìrù rẹ̀ nà sókè, kí wọ́n má baà máa na ìrù jáde kúrò nílé bí ewúrẹ́ tó gun ògiri. Wọ́n ní kí ojú ìwé parí síbi tí olórin ti ń sinmi, kí ó lè rí ọwọ́ ṣí i: "A kò tíì bí olófèrè tó ní ọwọ́ mẹ́ta." Ohun tí wọ́n sì tẹnu mọ́ jù ni pé adàwékọ kì í tún orin ẹlòmíràn ṣe. Bí ó bá rí ohun tó jọ àṣìṣe nínú ìwé olórin, kí ó mú pẹ́ńsùlù, kí ó yí òbíríkítí kékeré sí i létí, kí ó gbé e lọ bá ẹni tó ni ín. "Bóyá ó ṣì í kọ. Bóyá ìwọ lo ṣì í kà. Lọ bi í." Bẹ́ẹ̀ náà ni wọn kì í jẹ́ kí ìwé kankan jáde láìjẹ́ pé ojú kejì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú ẹni tó kọ ọ́, wọ́n ní, ohun tó fẹ́ rí ni yóò máa rí.

Ní oṣù kìíní ọdún 1958 ni wọ́n gba olóògbé síṣẹ́ ní yàrá ìdàwékọ ẹgbẹ́ olórin ìlú. Yàrá gígùn ni, fèrèsé mẹ́ta lápá kan, tábìlì tí ó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lápá kejì. Gègé ẹlẹ́nu márùn-ún tí ó ń fa ìlà márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo wà lórí ìkọ́ tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi kan ìwé mìíràn. Bí wọ́n bá gbé orin tuntun dé, iṣẹ́ olóògbé ni láti fa ti olúkúlùkù yọ nínú rẹ̀: ti tírẹ́bù lọ́tọ̀, ti tẹ́nọ̀ lọ́tọ̀, ti olófèrè lọ́tọ̀. Níbi tí olórin kan bá ti ní láti dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, adàwékọ kò ní kọ ìdákẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Yóò fa ìlà dúdú kan tó sanra, yóò sì kọ iye bàà sórí rẹ̀. Bàà ni àwọn ìpín kéékèèké tí ìlà òòró ń pín orin sí, tí olórin fi ń ka àkókò. Bí adàwékọ bá kọ mẹ́jọ, mẹ́jọ ni olórin yóò kà kí ó tó lanu. Ọwọ́ adàwékọ ni ọlá rẹ̀ wà.

Ní 1961 Bàbá Olódùrù mú ọmọbìnrin wọn wá sí yàrá náà láti máa ṣe ojú kejì. Òun yóò máa ka ti olórin jáde, olóògbé yóò sì máa fi ìka tẹ̀lé e lórí èyí tó dà kọ. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí iṣẹ́ di ohun mìíràn, gbogbo wa sì ń gbọ́ ọ láti ìta.

"Ẹ ti fo ìdákẹ́ kan."

"N kò fò ó. Mo fi í pa mọ́ ni."

"Ẹ yọ ọ́ jáde nígbà náà, kí àwọn èèyàn lè mí."

Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń bára wọn jiyàn báyìí lójú bébà. Nígbà tí olóògbé wá bá Bàbá Olódùrù pé òun fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn, Bàbá ní, "Mo rò pé ẹ ti ṣe é tán ni, mo kàn ń dúró kí ẹ wá sọ fún mi."

Ìgbéyàwó náà wáyé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún ọdún 1966. Fún ọjọ́ yẹn ni Bàbá Olódùrù kọ orin kan ní ìkọ̀kọ̀ fún ọmọ wọn. Orin atẹ̀léra olóhùn mẹ́rin ni: tírẹ́bù á bẹ̀rẹ̀, áàtò á tẹ̀lé e, tẹ́nọ̀ á dúró fún bàà méjìlá kí ó tó wọlé pẹ̀lú orin kan náà, báàsì á gbẹ̀yìn wọn. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó, ni wọ́n gbé e fún ọkọ ìyàwó kí ó dà á kọ fún àwọn akọrin. Ìwé ajákù oríṣiríṣi ni wọ́n kọ ọ́ sí, títí kan ẹ̀yìn ìwé ìpè ìgbéyàwó kan. Olóògbé béèrè pé ta ni yóò ṣe ojú kejì. Ìyàwó nìkan ní í ṣe é, ìyàwó náà sì ni a ń fi orin pa mọ́ fún. Bàbá Olódùrù ní àwọn kò ráyè. Wọ́n ní, "Ọwọ́ tí mo ń fi ọmọ mi lé lọ́la, ṣé ìwé ni n kò ní fi lé e lónìí?"

Nítorí náà ìwé kan ṣoṣo tí olóògbé dà kọ tí ojú kejì kò wò, ti ìgbéyàwó ara rẹ̀ ni.

Ìdákẹ́ tẹ́nọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kan, ó sì parí sókè èkejì: méje níbí, márùn-ún lọ́hùn-ún. Olóògbé ka méje, ó ṣí ìwé, ó ka mẹ́rin. Ó fa ìlà dúdú rẹ̀, ó kọ mọ́kànlá sórí rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tí ó parí gbogbo rẹ̀, ó ṣírò bàà olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Tírẹ́bù jẹ́ méjìdínláàádọ́ta. Áàtò, bẹ́ẹ̀. Báàsì, bẹ́ẹ̀. Tẹ́nọ̀ jẹ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta.

Ẹ̀yin èèyàn wa, níbí ni adàwékọ ti yẹ kí ó padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n aṣọ ìgbéyàwó ṣì wà lọ́dọ̀ aránṣọ, àwọn akọrin ti pé jọ, ọkàn olóògbé kò sì sí nínú yàrá mọ́. Ó dá a lójú pé Bàbá Olódùrù ni ó fi kánjúkánjú gbàgbé bàà kan ní ìparí tẹ́nọ̀. Ta ni yóò lọ bá àna rẹ̀, nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la, pé wọn kò mọ ìṣirò? Kò yí òbíríkítí sí i. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó fa nóòtì tó kẹ́yìn gùn kọjá sínú bàà kan sí i, ìṣirò sì pé. Àṣìṣe ara rẹ̀ ni ó tún ṣe bí ẹni pé ti àna rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì, bí Bàbá Olódùrù ṣe di ọmọ wọn lọ́wọ́ mú tí wọ́n ń rìn bọ̀ láàárín ìjókòó, orin náà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ èyí wà ní ìjókòó kejì. Tírẹ́bù wọlé, áàtò tẹ̀lé e, tẹ́nọ̀ sì já wọlé kí áàtò tó mí kanlẹ̀, bí ẹni tó ti ìlẹ̀kùn kí wọ́n tó ní kó wọlé. Nóòtì méjì fi èjìká gbún ara wọn lójú kan, wọ́n sì yanjú. Ní ìparí, tẹ́nọ̀ dé ilé ṣáájú gbogbo ẹgbẹ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi bá a. Omi lé sójú àwọn èèyàn. Nítorí pé tẹ̀lé-mi-kí-n-tẹ̀lé-ọ ni orin náà, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ká sọ òótọ́, ó dùn.

Láti ọ̀sẹ̀ náà ni àwọn ẹgbẹ́ akọrin mìíràn ti ń wá gba ẹ̀dà. Láàárín ọdún díẹ̀ a ń gbọ́ ọ níbi ìgbéyàwó àwọn tí a kò mọ̀ rí, ibi tí wọ́n sì fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni ibi tí tẹ́nọ̀ ti já wọlé. Wọ́n ń yin Bàbá Olódùrù. Bàbá Olódùrù ń rẹ́rìn-ín. Olóògbé ń yangàn fún àna rẹ̀.

Ọlọ́run fi ìbejì ta wọ́n lọ́rẹ ní 1968, ọkùnrin kan, obìnrin kan, láti ìgbà náà ni tọkọtaya náà ti di Bàbá Ìbejì àti Ìyá Ìbejì. Ọmọ kẹta dé ní 1971, ìkẹrin ní 1976. Ẹni tí ó ń kọ èyí ti lọ sí òkè òkun ní 1967, nítorí náà lẹ́tà ni ó fi mọ púpọ̀ nínú ohun tó tẹ̀lé e.

Ní 1974 àwọn ẹ̀dà àtijọ́ ti gbó, olóògbé sì fẹ́ kọ tuntun. Wọ́n wá ìwé ajákù Bàbá Olódùrù jáde nínú àpótí, Ìyá Ìbejì jókòó, ó ń kà á jáde bí ó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí wọ́n dé orí tẹ́nọ̀, ó fi ìka lé ojú kan.

"Bàbá Ìbejì, méjìlá ni bàbá mi kọ."

"Mọ́kànlá ni. Tún un kà."

Ó tún un kà. Méjìlá. Olóògbé gba ìwé náà, ó ń fi ẹnu gègé ka ìdákẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, méje níbí, márùn-ún lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ó wo ìparí, ó rí i pé nóòtì tó kẹ́yìn kò gùn rárá nínú ìwé àna rẹ̀. Ìyá Ìbejì ní àwọ̀ rẹ̀ yí padà bí ti ẹni tí wọ́n bá nínú ilé onílé.

"Ẹ lọ sọ fún bàbá mi."

"Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n? Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ti ń gba oríyìn rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ ọ́."

"Ìyá Ìbejì, mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ ọ́."

Kò lọ sọ ọ́. Olóògbé fi ẹ̀dà tuntun náà sílẹ̀ láìkọ, ó ní tádàwá ti tán. Ọdún kan gbáko ni tádàwá yẹn fi tán. Láti ọjọ́ náà ni "tún un kà" kò ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bí awakọ̀ bá fún un ní ṣéńjì, "tún un kà." Bí ọmọ bá parí iṣẹ́ àṣetiléwá, "tún un kà." Ní ilé ìsìn, bí oníwàásù bá ní kí a kọ ẹsẹ kìíní, ìkejì àti ìkẹrin, a óò gbọ́ ọ láti ìjókòó báàsì: "Ẹ tún un kà, sà. Ìkẹta ti bọ́." Àwọn ọmọ àdúgbò ni wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Tún-un-Kà, kò sì bínú sí i. Wọ́n rò pé ọgbọ́n ni. Ìyá Ìbejì nìkan ni ó mọ ọgbẹ́ tí ó wà nídìí rẹ̀.

Ìgbàgbọ́ rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí í tètè dé. Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni ó fi kọ báàsì nínú ẹgbẹ́ akọrin, kò sì fa ìjà rí, àfi ìgbà tí wọ́n fẹ́ dín orin kù nítorí òjò. Ó ń fa ìlà orin sínú ìwé fún àwọn ọmọ ilé-ìwé tí òbí wọn kò lè rà á. Ó dá kíláàsì ọ̀sán Àbámẹ́ta padà, ó sì ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó ní ẹgbẹ́ akọrin ní ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ mú ìwé yìí lọ́wọ́ ni ó kọ́ ní ibi tí ìrù nóòtì yẹ kó kọjú sí.

Ní 1985, lẹ́yìn tí ìyá wa papòdà, Bàbá Olódùrù lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní òkè òkun. Ní 1993 atẹ̀wé kan kọ̀wé sí olóògbé pé òun fẹ́ tẹ orin mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí Bàbá Olódùrù kọ jáde gẹ́gẹ́ bí ìwé, orin ìgbéyàwó ni yóò sì ṣíwájú. Olóògbé ni kí ó pèsè ẹ̀dà mímọ́. Ó fún un ní oṣù mẹ́ta.

Oṣù méjì ni olóògbé fi kọ ọgbọ̀n. Ọ̀kan yòókù ni kò lè kọ. Bí ó bá kọ mọ́kànlá, yóò fi orúkọ àna rẹ̀ tẹ àṣìṣe ara rẹ̀, kò sì ní í sí àtúnṣe mọ́ láyé. Bí ó bá kọ méjìlá, gbogbo ẹgbẹ́ akọrin tó mọ orin náà yóò ní ìwé Bàbá Olódùrù kò dára, ibi tí wọ́n sì ti yìn wọ́n jù yóò di àwátì. Àgbàlagbà náà ti pé ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún. Kò sí ọ̀nà mìíràn ju pé kí ó jẹ́wọ́ kí wọ́n tó lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ní oṣù kẹwàá ni lẹ́tà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ojú Bàbá kò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà ọmọ wọn ni ó kà á sí wọn létí, níwájú fèrèsé. Ojú ewé mẹ́rin ni. Mẹ́ta àkọ́kọ́, ìkíni ni: ó kí ẹsẹ̀ wọn, ó kí eyín wọn, ó kí ojú ọjọ́ ibẹ̀.

"Kí ló ń yí ká báyìí?" ni Bàbá wí. "Ṣé ó fẹ́ fẹ́ ìyàwó kejì ni?"

"Ẹ ní sùúrù, Bàbá. Ó ku ojú ewé kan."

Ojú ewé kan náà ni ó sọ ọ́. Ìdákẹ́ méje àti mẹ́rin, nóòtì tó fà gùn, ọdún mọ́kàndínlógún tí ó ti mọ̀ tí kò lè sọ. Ó bẹ̀bẹ̀, ó sì béèrè bí òun yóò ṣe kọ ọ́ fún atẹ̀wé. Nígbà tí kíkà parí, èjìká Bàbá ń gbọ̀n. Ẹni tó ka ìwé náà rò pé wọ́n ń sunkún. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Ó ti pẹ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó yẹn gan-an, ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́. Mo ní ta ló ń lé àwọn tẹ́nọ̀ wọ̀nyí? Lọ́jọ́ Ajé mo lọ fa ìwé wọn yọ, mo rí mọ́kànlá. Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí ibi tó ti fa nóòtì gùn. Mo ní háà! Ó ya aṣọ mi, ó tún fi òwú mi lẹ̀ ẹ́."

"Ẹ ò wá bá a wí?"

"Ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n gbéyàwó ni mo máa lọ bá a jà? Mo ní kí oṣù kan kọjá ná. Kí oṣù yẹn tó pé, wọ́n ti ń dì mọ́ mi lójú títì: Bàbá, ibi tí tẹ́nọ̀ ti já wọlé yẹn, báwo lẹ ṣe ronú kàn án? Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dé mi lẹ́nu. Ẹni tó ti jẹ oríyìn ohun tí kò ṣe, ẹnu wo ló fẹ́ fi bá ẹni tó ṣe é wí?"

Wọ́n nu ojú. Wọ́n ní kí ọmọ wọn mú ìwé.

"Kọ ọ́ fún un pé méjìlá ni mo kọ. Kọ ọ́ pé mọ́kànlá dùn ju méjìlá lọ, Ọlọ́run ń gbọ́, inú ti bí mi sí i fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Kí ó ṣe é bí ó bá ṣe tọ́ lójú adàwékọ. Àmọ́ kí ó wá gba bàà rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ti wúwo."

Ọmọ wọn kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ó sì fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹbí tó wà nílé kò rí lẹ́tà yẹn rí. Olóògbé kà á lórí ìdúró, ó kà á lórí ìjókòó, ó fi í sínú àpò aṣọ rẹ̀. Ìyá Ìbejì ní alẹ́ ọjọ́ náà ni òun kọ́kọ́ gbọ́ tí ó ń súfèé orin ìgbéyàwó náà láti 1974.

Síbẹ̀, iṣẹ́ kò tíì tán. Àwọn adàwékọ ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bí orin kan bá ní ojú méjì: ti ẹni tó ni orin á wà lórí ìlà gan-an pẹ̀lú nóòtì tó tóbi bó ṣe yẹ, èkejì á wà lókè rẹ̀ pẹ̀lú nóòtì kéékèèké, a ó sì kọ sí ìsàlẹ̀ ẹni tó ni ín. Ọ̀nà yìí ni olóògbé yàn. Ohun tó ń dá a dúró ni ìsàlẹ̀ ìwé yẹn. Orúkọ adàwékọ kì í hàn nínú ìwé orin. Ó ti kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ìwé tó mọ́ bí omi láìfi orúkọ sí ọ̀kan nínú wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn yóò mọ̀ pé ó wà láyé, ẹ̀gbẹ́ àṣìṣe ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi jókòó tì í. Atẹ̀wé ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ kẹrin ó kọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n tẹ̀, ó sì gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Ìwé náà jáde ní 1994. Bàbá Olódùrù fi ọwọ́ pa á lára, wọ́n ní kí a ka ìsàlẹ̀ ojú ìwé kìíní sí wọn, wọ́n tún ní kí a kà á. Ọdún náà kò parí tí wọ́n fi sùn.

Olóògbé fẹ̀yìn tì ní 2001, ọdún tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wọ yàrá ìdàwékọ. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà ń ka bàà fúnra rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tún un kà. Inú rẹ̀ dùn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí ó rí i pé ẹni tó ń lò ó ti tẹ iye kan sí i lódìlódì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 2021, ó jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ó ní òun fẹ́ sinmi díẹ̀. Kò jí mọ́. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni.

Ó fi aya rẹ̀ Ìyá Ìbejì sílẹ̀, tí ó jẹ́ ojú kejì rẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún, ìbejì, tí ọ̀kan jẹ́ dókítà eyín tí èkejì ń tún mọ́tò ṣe, tí wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ jọ ti bàbá wọn, ọmọ kẹta tí ó jẹ́ olùkọ́, àbíkẹ́yìn tí ó jókòó sí yàrá ìdàwékọ lónìí, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, ọmọ-ọmọ-ọmọ méjì, àbúrò kan, àti àna kan ní òkè òkun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e wá síbi yìí, tí ó sì fi èyí ṣe ẹsẹ̀.

Sùn re o, ọkọ àbúrò wa. Kí ilẹ̀ dẹ̀ fún ọ, kí àwọn tí o fi sílẹ̀ jẹ́ ẹni ìrọ̀rùn. Bí o bá rí Bàbá, bá wa kí wọn.

Ohun tí ó fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé ní 1993 nìyí, bí ó ṣe kọ ọ́ gan-an:

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ ti tẹ́nọ̀ bí àna mi ṣe kọ ọ́, ìdákẹ́ bàà méjìlá. Ẹ fi èyí tí gbogbo èèyàn ń kọ, bàà mọ́kànlá, sókè rẹ̀ ní nóòtì kéékèèké. Ní ìsàlẹ̀, ẹ má ṣe fi orúkọ kankan sí i. Ẹ kàn kọ ọ́ pé: Ọkọ ìyàwó ni ó da èyí kọ nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀la. Kò lè dúró."